New Bell: Bí àdúgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti lé onílé kúrò létí odò ṣe di ìlú àwọn àlejò ní Douala

Nínú ọjà Nkololoun ní ìlú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, oníbàárà lè fi èdè Pidgin ná bàtà, kó fi Faransé dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, kí etí rẹ̀ sì máa gbọ́ Bamiléké, Bassa, Hausa àti Ewondo láàárín àwọn tó ń fara gbún ara wọn kọjá. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Congo wà, àti ọjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos.

New Bell ni àyíká yìí. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà ni. Douala ló ní èbúté tó tóbi jùlọ ní Cameroon, New Bell sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn tó ń gun ọ̀kadà àti àwọn tó ń tajà lójú títì máa ń sùn sí bí iṣẹ́ bá parí.

Bell ni orúkọ tí àwọn òyìnbó oníṣòwò fún ìdílé ọba kan nínú àwọn Duala, ìyẹn àwọn tó ni etí odò tí ìlú náà wà. New Bell túmọ̀ sí Bell tuntun. Ìjọba ló ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Bell láti máa gbé. Àmọ́ bí èèyàn bá béèrè ìlú baba àwọn tó ń gbé níbẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ ibòmíràn tó jìnnà sí odò náà.

Báwo ni àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ onílẹ̀ ṣe wá di ti àlejò?

Odò ẹdé àti àdéhùn ọdún 1884

Kí òyìnbó tó gba ìjọba, ẹja pípa àti òwò ni àwọn Duala ń ṣe létí odò Wouri. Nígbà tí àwọn Potogí dé ẹnu odò náà ní nǹkan bíi ọdún 1472, ẹdé tí wọ́n bá nínú omi pọ̀ débi pé odò ẹdé ni wọ́n sọ ọ́ lédè wọn, Rio dos Camarões. Inú orúkọ yẹn ni Cameroon ti jáde.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Duala ti di alárinà láàárín ọkọ̀ ojú omi òyìnbó àti àwọn ìlú inú igbó. Ọwọ́ wọn ni epo pupa, ekuro àti eyín erin ń gbà kọjá. Òyìnbó tó bá fẹ́ rajà gbọ́dọ̀ bá ọba etí odò sọ̀rọ̀ ná. Bell àti Akwa ló lókìkí jùlọ nínú àwọn ọba náà.

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 1884, Ọba Bell àti Ọba Akwa fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ òwò Jámánì. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ta àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sókè létí odò Wouri. Àwọn ọba náà gbé agbára ìjọba lé Jámánì lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n fi ohun kan lélẹ̀ nínú àdéhùn ọ̀hún: ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí àti ibi tí ìlú wọn wà yóò máa jẹ́ ti àwọn tó ni ín àti àrọ́mọdọ́mọ wọn.

Orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni ìjà dá lé ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà.

Àlàfo kìlómítà kan

Lọ́dún 1910, ìjọba Jámánì lábẹ́ Gómìnà Theodor Seitz gbé ètò kan jáde fún Douala. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn Duala kó kúrò létí odò lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Etí odò, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó sì sún mọ́ èbúté, yóò di ti àwọn òyìnbó nìkan. Láàárín òyìnbó àti adúláwọ̀, wọ́n ní kí àlàfo wà tó fẹ̀ tó kìlómítà kan, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí.

Ibà ni wọ́n fi ṣe àwíjàre. Hans Ziemann, dókítà ìjọba ní Douala, wà lára àwọn tó ní àwọn aráàlú ló ń gbé ibà lára, àti pé bí wọ́n bá jìnnà, ẹ̀fọn kò ní lè gbé e láti ara wọn dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Àwọn Duala sọ lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ tó níye lórí ni ìjọba ń fẹ́. Etí odò ni wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin àwọn baba wọn sí. Ẹ̀yìn ìlú tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìtàn Èkó, Ìbàdàn tàbí Kàdúná, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti ya GRA sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Ohun tó yàtọ̀ ní Douala ni pé ìjọba fẹ́ kó odidi ìlú kan, tòun tàwọn ọba rẹ̀, kúrò lórí ilẹ̀ tí ìwé àdéhùn sọ pé ó jẹ́ tiwọn.

Bonanjo, ìlú àwọn Bell, ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n fún wọn lẹ́yìn ìlú ni wọ́n sọ ní New Bell. Lọ́dún 1913 ni àṣẹ ìgbalẹ̀ jáde, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé.

Ọba tó fi òfin jà

Rudolf Duala Manga Bell ló wà lórí oyè nígbà náà. Ilẹ̀ Jámánì ló ti kàwé, ó gbọ́ èdè wọn dáadáa, ó sì mọ bí ìjọba wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún 1908 ló jọba lẹ́yìn tí baba rẹ̀ wàjà. Ìjọba Jámánì kà á sí ọ̀rẹ́.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni Manga Bell fi jà. Òun àti àwọn olóyè Duala kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, wọ́n sì rán wọn létí àdéhùn ọdún 1884. Ìjọba dáhùn nípa yíyọ ọ́ kúrò nípò, wọ́n sì dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Ó gba agbẹjọ́rò ní Jámánì, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, gba ẹ̀yìn ìjọba lọ sí Berlin láti lọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́dún 1914, wọ́n mú Ngoso Din ní Jámánì, wọ́n sì dá a padà sí Douala pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́.

Manga Bell tún ránṣẹ́ sí àwọn ọba mìíràn ní Cameroon pé kí wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀. Ìjọba sọ ìyẹn di ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun àti Ngoso Din, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì.

Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi gba Douala lọ́wọ́ Jámánì. Ogun yìí ló dá ètò ìkólọ náà dúró kó tó kan Akwa àti Deido. Àwọn ará Bell nìkan ni wọ́n ti lé kúrò.

Ní Èkó, ní sáà kan náà, Olóyè Amodu Tijani Olúwa ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá. Òun náà gbé ẹjọ́ rẹ̀ kọjá òkun. Ó lọ sí London lọ́dún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá a láre. Àwọn méjèèjì gbà pé òfin òyìnbó lè gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ òyìnbó. Olúwa darí wálé pẹ̀lú ìdájọ́. Igi ni Manga Bell kú sí.

Ẹni tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún kò wá

Ìjọba Faransé tó gba ipò Jámánì kò dá Bonanjo padà fún àwọn Bell. Àwọn aláṣẹ tuntun kàn jókòó sórí ohun tí àwọn ti àtijọ́ gbà ni. Àwọn Bell ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ ní tiwọn, débi pé lọ́dún 1929, àwọn olórí Duala kọ̀wé sí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Wàhálà New Bell wá di onílé méjì. Bí àwọn Bell bá kó lọ síbẹ̀ tọkàntọkàn, ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ti gbà pé Bonanjo kì í ṣe tiwọn mọ́. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ilẹ̀ náà yóò ṣófo. Ọ̀pọ̀ wọn yàn láti tẹ̀dó sí Bali, tó wà láàárín Bonanjo àti New Bell. Wọn kò jìnnà sí odò, wọn kò sì sí létí odò.

Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣófo nínú ìlú tó ní èbúté. Àwọn tó ń ti inú igbó bọ̀ láti wá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé sí New Bell. Ojú irin wà lára ohun tó gbé wọn wá. Àwọn Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan láti Douala lọ sí àárín ilẹ̀ Cameroon, àwọn Faransé sì gbé e dé Yaoundé lọ́dún 1927. Iṣẹ́ àfipáṣe ni wọ́n fi là á já. Ní Njock, níbi tí wọ́n ti dá ihò sínú òkè kí ọkọ̀ lè kọjá, ìyà àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ débi pé orúkọ ibẹ̀ di ohun tí àwọn Bassa fi ń pe iṣẹ́ àfipáṣe fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, oríṣi èèyàn méjì ló ń wọ New Bell. Àwọn kan ń wá owó oṣù ní èbúté, ní ibùdó ojú irin tàbí nínú ilé òyìnbó. Àwọn kan ń sá fún iṣẹ́ àfipáṣe àti owó orí ní abúlé wọn, nítorí pé àárín èrò ni ẹni tó ń sá ti máa ń rí ibi fara pamọ́ sí. Ìjọba ní kí aráàlú tó bá fẹ́ kúrò ní agbègbè rẹ̀ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló wọ New Bell láì ní in.

Àwọn aláṣẹ ń pe gbogbo wọn ní àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Cameroon ni èyí tó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà wọn, wọ́n sì ń tipasẹ̀ àwọn olórí ẹ̀yà gba owó orí. Ìdí nìyẹn tí orúkọ bíi New Bell Bassa, New Bell Bamiléké àti New Bell Haoussa fi wà títí di òní.

Ilé ọtí, èsúsú àti èdè tó jẹ́ ti gbogbo wọn

Lórí máàpù, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Nínú ayé tí wọ́n ń gbé lójoojúmọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé pákó tí wọ́n fi páànù bò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí owó bá wọlé, onílé á so yàrá kan mọ́ ọn, á sì fi yàrá náà háyà. Ayálégbé lè jẹ́ Bassa, kí onílé jẹ́ Bamiléké, kí ẹni tó ń ta omi fún wọn jẹ́ Hausa. Èdè Pidgin ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé, kí Faransé tó wọlé dáadáa. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá Cameroon lọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Pidgin àti èdè abínibí pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì sọ ọ́ di Camfranglais.

Ilé ọtí ni gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìjọba Faransé fẹ́ kí wọ́n máa ra ọtí tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, torí náà ni wọ́n ṣe fi òfin de ọtí ìbílẹ̀. Àwọn obìnrin New Bell ń pọn ọtí àgbàdo nínú ilé wọn, wọ́n sì ń ta ẹmu àti irú ọtí líle tí àwa ń pè ní ògógóró. Ọlọ́pàá á wá, wọ́n á da ọtí nù, wọ́n á gba owó ìtanràn. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò á tún padà sórí iná. Owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ wà nínú ọtí náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí ló dá wá sí ìlú láì ní ọkọ lẹ́yìn, ibi tí wọ́n sì ti lè dá dúró kò pọ̀ nígbà náà.

Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ kò ka ẹni tó ń ru ẹrù sí èèyàn, njangi ló ń yáni lówó. Njangi ni àwọn ará Cameroon ń pe ohun tí Yorùbá mọ̀ sí èsúsú: àwọn tó mọra wọn á máa dá iye kan náà, ẹnì kan á sì máa kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Bamiléké lókìkí púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó njangi ló ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá kan lórí di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù.

Oúnjẹ náà ń sọ ìtàn wọn. Láàárọ̀, àkàrà òyìnbó tí a mọ̀ sí pọfupọ́ọ̀fù, ẹ̀wà sísè àti ẹ̀kọ mímu ni òṣìṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Ndolé, ọbẹ̀ ewúro àti ẹ̀pà tí àwọn Duala fi ń yangàn, ti di oúnjẹ gbogbo ìlú. Àlejò kọ́ ọ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó sì ń tà á fún un.

Àdúgbò tí ìjọba ń bẹ̀rù

Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti ń gbé papọ̀, tí owó oṣù kò ká ọjà, ọ̀rọ̀ ìṣèlú kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ogun àgbáyé kejì sọ ọjà di ọ̀wọ́n ní Douala. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin dáṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ New Bell ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn òyìnbó tó ń gbé ìlú náà gbé ìbọn, wọ́n sì yìn ín lu èrò. Iye òkú tí ìjọba kéde kò tó mẹ́wàá. Àwọn òpìtàn gbà pé ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, ọdún 1948, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan pàdé nínú ilé ọtí kan ní Douala, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú UPC sílẹ̀. Ruben Um Nyobè di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà láìpẹ́. Òmìnira ni wọ́n ń béèrè, àti kí Cameroon tó wà lábẹ́ Faransé àti èyí tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀kan. Um Nyobè gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York lọ́dún 1952.

New Bell wà lára ibi tí UPC ti rí ọmọ ẹ̀yìn jùlọ. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀yà nínú agbo ilé kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn pé ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1955, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Douala àti àwọn ìlú mìíràn. Ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ya wọ New Bell. Ìjọba fúnra rẹ̀ kà ju ogún òkú lọ káàkiri Cameroon. Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún kan náà, Faransé fi òfin de UPC, ẹgbẹ́ náà sì wọ inú igbó lọ jà. Ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa Um Nyobè ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1958.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1960, àmọ́ ìró ìbọn ni Douala fi kí i káàbọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, iná ńlá jó Congo ní New Bell. Èèyàn kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé sì di aláìnílé lóru. Ta ló dá iná náà, kí sì ló dé tí wọn kò tètè pa á? Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì parí.

Orúkọ kan náà ni ẹ̀wọ̀n ń jẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ Cameroon tí kò gbé Douala rí, bí wọ́n bá gbọ́ New Bell, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ti wà láàárín àdúgbò, tí ilé, ọjà àti ilé ìjọsìn yí i ká. Àwọn àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti ké gbàjarè lọ́pọ̀ ìgbà pé iye èèyàn tó wà níbẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ́ ọ fún lọ fíìfíì, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi.

Pius Njawé, oníròyìn tó dá ìwé ìròyìn Le Messager sílẹ̀, ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ lọ́dún 1998 nítorí ìròyìn kan nípa ìlera Ààrẹ Paul Biya. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2008, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó epo àti oúnjẹ pẹ̀lú ètò láti mú òpin kúrò lórí iye sáà Ààrẹ gbé àwọn ọ̀dọ́ sí ìgboro, wọ́n mú olórin Lapiro de Mbanga. Ó ti kọrin tako àtúnṣe òfin náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, New Bell ló sì ti ṣe é títí di ọdún 2011. Lapiro kì í kọrin ní Faransé tó dán mọ́rán. Èdè àwọn ọlọ́jà àti ọmọ garáàjì ló fi ń kọrin, irú èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri ẹ̀wọ̀n náà gan-an.

Àwọn ọmọ New Bell

Samuel Eto'o, agbábọ́ọ̀lù tó gba ife ẹ̀yẹ Champions League pẹ̀lú Barcelona àti Inter Milan, dàgbà sí New Bell. Òǹkọ̀wé Calixthe Beyala, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1987, náà dàgbà síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀, ayé àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tálákà ló ń kọ nípa rẹ̀.

Bí èèyàn bá ṣe ń dárúkọ Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ni wọ́n ń dárúkọ New Bell ní Douala: àwọn kan fi ń dẹ́rù ba ọmọ wọn, àwọn kan fi ń yangàn. Ọmọ àdúgbò tó bá rọ́wọ́ mú kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ibi tó ti wá.

Láti ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ ọnà doual'art, tí Marilyn Douala Bell àti ọkọ rẹ̀, Didier Schaub, dá sílẹ̀, ti ń gbé iṣẹ́ ọnà sí ìgboro Douala. Ọmọ ìdílé Bell ni Marilyn. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé mélòó kan lára iṣẹ́ náà wá sí New Bell. Hervé Yamguen, ayàwòrán tó ń gbé àdúgbò náà, kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olórin sára ògiri ilé. Kamiel Verschuren, ará Netherlands, fi pákó bo gọ́tà kí àwọn aráàdúgbò lè rí ibi rìn, kí wọ́n sì rí ibi jókòó. Pascale Marthine Tayou sì to ìkòkò ìdáná léra wọn di òpó gíga kan ní oríta. Ìkòkò wà láàárín ọ̀nà, níbi tí ìlú mìíràn ì bá gbé ère ọ̀gágun sí.

Ta ló nilẹ̀?

Bí orúkọ àdúgbò náà ṣe tàn kálẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ tó bí i kò tíì tán. Ọ̀pọ̀ ilé ní New Bell ló wà lórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé. Ẹnì kan lè ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Duala kan, ọmọ rẹ̀ ti kọ́lé sí i, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti fi yàrá háyà, síbẹ̀ kí ọkàn wọn má balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ la títì tàbí gọ́tà ńlá. Òjò Douala ju ti Èkó lọ ní ìlọ́po méjì, bó bá sì dé, ilé tó wà ní kòtò ló máa ń kọ́kọ́ kan.

Àwọn ará Èkó mọ apá kan nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó lọ́dún 1955, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ, wọ́n sì ń pe ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn níbẹ̀ ní New Lagos. Ní oṣù keje ọdún 1990, wọ́n wó Màrókò, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ èèyàn sì tú ká. Etí omi tí tálákà ń gbé kì í pẹ́ di ibi tí olówó ń fẹ́.

Ní ti Manga Bell, Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọlá fún un. Lọ́dún 2022, ìlú Ulm, níbi tó ti kàwé, fi orúkọ rẹ̀ sọ gbàgede kan. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Berlin yọ orúkọ Nachtigal, ọkùnrin tó ta àsíá sókè ní Douala lọ́dún 1884, kúrò lára gbàgede kan, wọ́n sì fi orúkọ Manga Bell rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n yí padà. Bonanjo kò padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lé.

Ààfin tí baba Manga Bell kọ́ lọ́dún 1905, tí wọ́n ń pè ní Pagode, ṣì dúró ní Bonanjo láàárín ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ níbẹ̀, tó sì ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ọjà Nkololoun, kò ní pẹ́ dé. Yóò gba àárín ilẹ̀ tí àwọn Jámánì fẹ́ kó ṣófo kọjá, kí adúláwọ̀ má bàa sún mọ́ òyìnbó. Ilé, ṣọ́ọ̀bù àti tábìlì àwọn tó ń ta ẹja sísun ti kún ibẹ̀ báyìí, kò sì sí àmì kankan tó máa fi ibi tí àlàfo náà ì bá wà hàn án.